Imí Ẹṣin Nítorí Ẹsẹ̀ Ìyá Ìmísí

Ọjọ́ Ajé, 5, oṣù kejì

A lọ sí ọsibítù lónìí. Haneefah, ọmọbìnrin tó ń bá Ìyá Ìmísí na ẹsẹ̀, bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ìyàwó mi ti ń gan. Ó ní bí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró, yóò gan pátápátá ni. Orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, orí àga sí orí bẹ́ẹ̀dì, ó parí nìyẹn. Mo ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó má rìn ni?" Ọmọ náà kàn wò mí. Ẹnu mi yìí, ọjọ́ kan ló máa kó mi sí wàhálà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọ́ ló so ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ni. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú lórí kọnkéré ẹ̀yìnkùlé nínú oṣù tó kọjá, bí mo bá gbé e dìde, ọrùn mi ló ń dì mú bí ẹni tó fẹ́ rì sódò. Ó ní ilẹ̀ ń dúró de òun.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ká tó wọ kẹ̀kẹ́. Mo gbé e débi koríko tí wọ́n gbìn síwájú ọsibítù, mo dúró kí n sinmi. Ó yọ bàtà fúnra rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì kan koríko náà, ó tún fi kàn án. Ó ní, "Bàbá Ìmísí, bí mo bá ṣubú síbí, kò ní dùn mí." Ló bá dúró. Kò dì mí mú. Èèyàn ì bá ti ka Àdúrà Olúwa dé ìdajì kó tó ní òun fẹ́ jókòó.

Àṣé koríko ni gbogbo ohun tí à ń wá kiri.

Ọjọ́rú, 7, oṣù kejì

Iwájú ilé ni mo máa gbìn ín sí, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò, nítorí ibẹ̀ ni kò ní àtẹ̀gùn. Mo gbé ọkọ́ láàárọ̀, mo jù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ́ ta padà. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti ń gbá láti ìgbà tí a ti kọ́lé, ó ti le koránkorán. Kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀ àfi kí èèyàn kọ́kọ́ bọ́ ilẹ̀ náà yó.

Mo bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò fatiláísà kan. Ọ̀gbẹ́ni náà dárúkọ owó orí ìyàwó fún mi. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà ni mo wà tí mo fi rántí Sàídù ẹlẹ́ṣin, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ẹ̀yìn ilé ẹṣin rẹ̀ ni mo máa ń páàkì sí bí a bá kó àwọn ọmọ lọ wo ìlú. Ibi tó ń da imí ẹṣin sí, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀, koríko ibẹ̀ a máa tutù yọ̀yọ̀.

Àbámẹ́ta, 10, oṣù kejì

Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ ṣì mú láàárọ̀, gbogbo ètè mi ló bẹ́. Owó ọkọ̀ ti tún lọ sókè.

Sàídù ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya ẹ̀yìn ẹṣin funfun kan nígbà tí mo dé. "Dẹ̀rẹ́bà ilé-ìwé! Ẹ kú àtijọ́ o!"

Mo ní, "Sàídù, imí ẹṣin ni mo wá rà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọrùn ẹṣin mú. "Rà kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń wá ẹni tó máa bá mi kó o dànù. Ẹ kó o, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Súbúhánàlláhì. Ìyá oníke yẹn? Ìyá tó gbé bàsíà wá fún Marufat lọ́jọ́ ìkómọ wa?" Marufat ni ìyàwó rẹ̀. Ó pa ẹṣin tì, ó mú ṣọ́bìrì, òun fúnra rẹ̀ ló ń kó o sínú àpò, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń kó o ló ń kìlọ̀ fún mi.

"Ẹ má dà á sílẹ̀ báyìí o, Dẹ̀rẹ́bà. Tuntun ni, iná wà nínú ẹ̀, á jó koríko yín. Ẹ pò ó jọ sójú kan, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i. Ọjọ́ tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò jó yín, tí òórùn ẹ̀ wá dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó jinná nìyẹn. Kò gba ìkánjú."

Mo rí mọ́tò onítòmátì kan tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ wa lófìfo, a kó o sí i. Ìyá Ìmísí wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó wo àpò, ó wò mí.

"Ìgbẹ́ ẹṣin lẹ gbé bọ̀ láti Ọ̀yọ́? Ọkọ ẹlòmíràn a máa ra búrẹ́dì."

Ọjọ́ Àìkú, 11, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n Adérónkẹ́ dé tààrà láti ìjọ nínú sùtánà funfun, lẹ́sẹ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, àwọn ni wọ́n ń wá gbá iwájú ilé wa ní àràárọ̀. Wọ́n rí òkìtì imí ẹṣin lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ká sùtánà sókè.

"Kí lèyí, Bàbá Ìmísí?"

"Ajílẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ gbin koríko síwájú ilé."

Wọ́n ní, "Gbogbo ayé ń ro koríko kúrò lójúlé, ẹ̀yin fẹ́ gbìn ín. Ilé wo lẹ rí tí koríko hù sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀? Ilé tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́ ni."

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọsibítù ńkọ́? Koríko kún iwájú ẹ̀, èèyàn sì kún inú ẹ̀."

"Àwọn tó kún inú ẹ̀, ṣé ara wọn yá ni?"

Ìyá Ìmísí bú sẹ́rìn-ín lórí àga, ẹ̀rín rẹ̀ tó ń wọ́ sápá kan láti ìgbà àìsàn. Mo wọlé lọ mu omi.

Ọjọ́bọ̀, 15, oṣù kejì

Òkìtì náà ń rú èéfín láàárọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sáré yọ ọ́. Sàídù ò parọ́.

Ọjọ́ Ajé, 26, oṣù kejì

Kànga ti gbẹ. Oníkẹ̀ẹ̀gì omi ń ta omi bí ẹni ń ta epo. Mo ń ronú ohun tí mo máa fi wọ́n òkìtì yìí kó má baà gbẹ, Ìyá Ìmísí ní, "Ẹ gbé omi tí ẹ fi wẹ̀ mí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe báyìí. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, mo gbé bàsíà jáde, mo dà á lé imí ẹṣin, mo sì yí i. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Ìmísí pè láti Ìbàdàn. Ó ní wọ́n ń ta koríko oníke níbẹ̀, pé wọ́n kàn ń tẹ́ ẹ bí ẹní ni, òun lè rà á ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí yọ ketekete: "Ike ni mo tà láyé mi, Ìmísí. Mi ò ní tẹ ike."

Ìṣẹ́gun, 12, oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀! Ó rọ̀ bí ẹni ń da ẹ̀wà sórí páànù. Mo sáré fi tapólì bo òkìtì kó má baà wọ́ lọ, gbogbo ara mi tutù. Ìyá Ìmísí ń pariwo láti ojú fèrèsé pé kí n má lọ pa ara mi nítorí ìgbẹ́. Mo pe Sàídù láti kí i kú ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó bèèrè bóyá ó ti jinná. Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọjọ́rú, 20, oṣù kẹta

Ọjọ́ burúkú. Haneefah wá sílé, ó fẹ́ kí Ìyá Ìmísí dìde dúró lẹ́bàá ògiri. Ó gbọ̀n títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní kí a má bínú. Ta ló ń bínú? Lẹ́yìn tí Haneefah lọ, mo jókòó tì í. Ó ní, "Bàbá Ìmísí, bí n kò bá rìn mọ́, ẹ ṣì máa jókòó tì mí báyìí?" Mo ní kó yéé sọ ìsọkúsọ. Mo jáde lọ yí òkìtì náà, ojú mi ń ṣomi, mo ní imí ẹṣin ló ta sí mi lójú.

Ọjọ́ Àìkú, 31, oṣù kẹta

Àjíǹde. Wọ́n gbé àga rẹ̀ wọ inú ìjọ. Ó kọrin. Ohùn rẹ̀ ò tíì tọ́, ṣùgbọ́n ó kọrin.

Àbámẹ́ta, 13, oṣù kẹrin

Ó jinná. Mo ki apá bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó tutù. Kò dà bí imí mọ́ rárá, ó ti dúdú, ó sì rọ̀, òórùn ilẹ̀ ló ń run. Mo bù ú lọ́wọ́ lọ fún Ìyá Ìmísí pé kó gbóòórùn ẹ̀. Ó gbójú sá fún mi, nígbà tó yá ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Ẹn-ẹn."

Òjò ti mú kí ilẹ̀ náà rọ̀ díẹ̀. Mo fi díígà ro ó, mo po ajílẹ̀ mọ́ ọn, mo tẹ́ ẹ dọ́gba. Koríko tí mo gbìn, pápá ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ ni mo ti lọ tọrọ rẹ̀, irú tó máa ń fà nílẹ̀ bí ẹní. Bí mo ṣe ń gbìn ín ni Ìyá Ìmísí ń pàṣẹ láti orí àga: "Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ra. Ó jìnnà síra bí eyín arúgbó."

Gàfárù télọ̀, aládùúgbò wa, yọjú láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìmísí. Ewúrẹ́ mi ní kí n bá òun kí yín, ó ní Ọlọ́run á san án fún yín." Mo ní kó sọ fún ewúrẹ́ náà pé mo ní igi.

Ọjọ́ Ẹtì, 26, oṣù kẹrin

Ó mú! Ó mú! Gbogbo rẹ̀ ló ti ń yọ ewé tuntun. Mo wọ́n ajílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, mo bomi rin ín. Mo jó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi àfi ìyàwó mi, òun náà sì ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12, oṣù karùn-ún

Ilẹ̀ ti ń bò. Haneefah wá wò ó, ó bọ́ bàtà, ó rìn ín lọ, rìn ín bọ̀, ó ní orí àga tìmùtìmù kò rọ̀ tó báyìí. Ìyá Ìmísí ní kó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, òun á tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ o! Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Adérónkẹ́ ń gbọ́. Wọ́n ń gbá ẹ̀gbẹ́ koríko lọ.

Ìṣẹ́gun, 21, oṣù karùn-ún

Koríko tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an ti ń pọ́n. Bóyá oòrùn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 24, oṣù karùn-ún

Kì í ṣe oòrùn. Ó ti kú. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tó fẹ̀ tó ẹní méjì, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ bíi tábà. Ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ gan-an ni.

Mo pe Sàídù. Kò tíì kí mi tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó ti pa mí láyò, imí tó ní iná nínú ló kó fún mi, ó mọ̀, ó kàn ń wá ẹni tó máa bá òun kó ẹ̀gbin dànù ni. Mo sọ èyí tó burú jùyẹn lọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà, mi ò bá yín jà. Ẹ bá mi kí Ìyá." Ó pa fóònù.

Ìyá Ìmísí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n bá òun yí kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ilẹ̀ yẹn ò fẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu mímú.

Ọjọ́ Ajé, 27, oṣù karùn-ún

Ewúrẹ́ Gàfárù wá láàárọ̀. Mo gbé igi. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe yà mí lẹ́nu. Kò fẹnu kan koríko tútù rárá. Ibi tó ti kú yẹn ló dúró sí, ó ń lá ilẹ̀. Ó ń lá a kíkankíkan bí ẹni rí oyin. Mo lé e, ó padà. Mo tún lé e, ó mú èkejì rẹ̀ wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀ náà, mo fi sẹ́nu.

Iyọ̀!

Ta ló ń da iyọ̀ síwájú ilé mi? Mo ti fẹ́ máa ka orúkọ àwọn ọ̀tá mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rántí ẹni tó máa ń dé ibẹ̀ ní àràárọ̀ kí n tó jí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mi ò lè jẹun.

Ìṣẹ́gun, 28, oṣù karùn-ún

Mo jí ṣáájú wọn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Adérónkẹ́ dé pẹ̀lú ọwọ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló da iyọ̀ sí koríko mi?"

Wọ́n gbé ọwọ̀ sílẹ̀. "Èmi ni."

Wọn ò sẹ́ rárá. Wọ́n ní iyọ̀ àdúrà ni, àwọn ka Sáàmù lé e lórí, àwọn sì ń wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Mo bú jáde. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ àbúrò yín ni mò ń wá! Ẹ mọ̀! Ẹ wá pa á!" Gàfárù jáde láti wò, ó padà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, nínú eruku. "Nígbà tí ìyá wa kú, wọ́n kó wa kúrò ní abúlé. Mo padà lọ wo ilé wa lẹ́yìn ìgbà náà. Koríko ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò rí ibi tí ìyá wa máa ń jókòó sí mọ́. Ẹ̀yin wá gbìn ín síwájú ilé Dorcas àbúrò mi, tí ara ẹ̀ ò sì yá. Dorcas nìkan ló kù mí kù láyé. Mo ní kí koríko náà kú, kí àbúrò mi má kú."

Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyàwó mi pè láti inú yàrá. Ó ní kí a gbé òun wá. Mo gbé e wá sórí àga rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nítorí ahọ́n rẹ̀ máa ń wúwo jù láàárọ̀, a sì dúró dè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ilé tó ṣófo, koríko ibẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń hù. Èyí ò hù fúnra ẹ̀. Ọkọ mi ló gbìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń gbìn ín, mò ń wò ó."

Ẹ̀gbọ́n fi ojú pamọ́ sínú ìborùn, wọ́n sunkún gidi. Èmi náà wá rí i pé mi ò ní ìbínú mọ́. Mo wá a títí, kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 30, oṣù karùn-ún

A bu ilẹ̀ oníyọ̀ náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n ló ń ru omi, wọ́n ń dà á sí i lára kó lè fọ ìyókù lọ. Nígbà tó kan kí a po ajílẹ̀ tó kù, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn. Wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n di imú, wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ imí ẹṣin, wọ́n sì ń gbàdúrà sí i lábẹ́ ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n tú imú sílẹ̀. "Àṣé kò rùn," wọ́n ní, bí ẹni pé mo ti ń pa á mọ́ fún wọn.

A gbin òmíràn sí i. Ìyá Ìmísí ń pàṣẹ fún àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Àìkú, 16, oṣù kẹfà

Iléyá. Gàfárù gbé ẹran wá fún wa, ó ní ewúrẹ́ oníyọ̀ ti di ẹran jíjẹ, ẹran náà sì dùn. Òjò ń rọ̀ dáadáa. Ibi tí a tún gbìn ti mú.

Sàídù ni mo rò láti àárọ̀. Mo mú fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́rú, 26, oṣù kẹfà

Koríko ti bo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò. Haneefah ní ó ti tó, àkókò sì ń lọ, ẹsẹ̀ náà tún ti gan sí i. Mo bọ́ bàtà Ìyá Ìmísí, mo na ọwọ́ sí i. Kò dìde.

"Ṣé ẹ̀rù ni?"

"Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ ẹ́, Bàbá Ìmísí. Ẹ bú ọmọ ọlọ́mọ nítorí koríko yìí, kò sì ṣẹ̀ yín. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ ná."

"Mo máa pè é lórí fóònù."

"Orí fóònù lẹ gbé àpò ìgbẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Obìnrin yìí! Àìsàn gba ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀, kò gba ẹnu. Mo lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo bínú títí, nígbà tó yá ó rẹ̀ mí.

Àbámẹ́ta, 29, oṣù kẹfà

Mo ra búrẹ́dì, mo ra ọsàn, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Gbogbo ohun tí mo tò sórí pé mo máa sọ, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sàídù wà nínú ilé ẹṣin. Nígbà tó rí mi, ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Mo ní, "Sàídù, iyọ̀ ni. Kì í ṣe imí ẹṣin ẹ. Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Ó sáré dì mí lápá méjèèjì.

"Háà, Dẹ̀rẹ́bà! Ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run bi mí ni? Ẹ dìde. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo sọ fún Marufat pé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ̀rọ̀ yẹn, pé ìdààmú ló sọ ọ́. Ó ti tán." Ó wo ẹ̀yìn mi. "Ìyá ńkọ́? Ṣé ó ti ń rìn?"

Mo sọ fún un pé ó kọ̀ láti tẹ koríko náà àfi kí n kọ́kọ́ wá bẹ̀ ẹ́. Sàídù ní kí n bá òun pè é.

Ẹ̀gbọ́n Adérónkẹ́ ló gbé fóònù, wọ́n gbé e sí etí Ìyá Ìmísí. Sàídù kí i kú àìlera, ó kí i kú ojúmọ́, ó ní, "Ìyá, ọkọ yín ti dé, ó ti bẹ̀ mí, a ti parí ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ koríko yín." Mi ò gbọ́ ohun tí ìyàwó mi sọ. Mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n: "Ní báyìí? Dúró kí ọkọ ẹ dé! Dorcas, dúró!" Mo gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí nǹkan kan, wọn ò pa á.

Mo pariwo, "Ìyá Ìmísí! Dúró dè mí!" Sàídù fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

A kò rí nǹkan kan. A kàn ń gbọ́. A gbọ́ tí àga dún. A gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé "Jésù, Jésù, Jésù," ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo dákẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹṣin tó ń jẹ koríko lẹ́yìn wa nìkan ni mò ń gbọ́, mo fẹ́ gbá a létí. Mo rò pé ó ti ṣubú. Mo ti ń wá ibi tí mo máa jókòó sí nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n láti ọ̀nà jíjìn, "Tẹ̀ ẹ́. Ẹn-ẹn. Tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò dì ọ́ mú, Dorcas, wò ó, ọwọ́ mi nìyí, mi ò dì ọ́ mú." Ohùn náà ń jìnnà sí fóònù. Ó ń lọ sápá máńgòrò. Sàídù bojú wẹ̀yìn, ó ń fi ẹ̀wù nu ojú, ó ní eruku koríko ẹṣin ni.

Gbogbo oṣù wọ̀nyí ni mo ti ń wò ó lọ́kàn bó ṣe máa rí, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nínú tèmi. Mi ò sí níbẹ̀. Mo bínú sí i nínú ọkọ̀ títí a fi dé ibodè ìlú, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Ó wà lórí àga lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbé omi wá láti bá a fọ ẹsẹ̀, ó sì kọ̀, ó ní kó di ìgbà tí mo bá dé kí n kọ́kọ́ wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì náà sókè fún mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ràn án lọ́wọ́.

Láti ìgbà àìsàn yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ti ń mọ́ bíi ti ọmọ tuntun. Ó dọ̀tí lónìí. Amọ̀ wà ní gìgísẹ̀, ewé koríko há sáàárín àwọn ọmọ ìka, èékánná àtàǹpàkò ti dúdú níbi tó ti ń wọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ lórí koríko, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mi ò sì tètè ní kí wọ́n gbé omi wá.